Mẹ́jọ lọ bá mẹ́ta, mẹ́jọ run: ṣé ká kó dáìsì dànù ni?

ÌBÉÈRÈ LÁTI APẸ̀TẸ̀

Ẹ̀yin àgbà ọlọ́pọ́n, ẹ dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ń ṣe ayò ogun kan. Orí páálí ni mo ya máàpù ẹ̀ sí: Ìbàdàn, Ìjàyè, Òṣogbo, Ìkìrun, Iléṣà, Ìmẹ̀sí-Ilé. Kálukú ń kó ọmọ ogun jọ, ó ń kó wọn lọ gba ìlú. Tí ìjà bá dé, ẹnì kọ̀ọ̀kan á ju dáìsì kan, á fi iye ọmọ ogun ẹ̀ kún un, ẹni tí tiẹ̀ bá pọ̀ jù ló borí. Tó bá dọ́gba, onílé ló ni ín. Ẹni tó bá pàdánù, gbogbo ọmọ ogun ẹ̀ tó wà níbẹ̀ lọ nìyẹn. Lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀rẹ́ mi kan kó mẹ́jọ lọ bá mẹ́ta. Ó ju ení, onílé ju ẹ̀fà. Mẹ́sàn-án sí mẹ́sàn-án. Mẹ́jọ run. Ó dìde, ó ní ayò òpè ni, kò sì padà jókòó. Onílé ní kò sí ogun tí kò ní oríire nínú. Ṣé kí n kó dáìsì dànù kó dà bí ayò ọlọ́pọ́n, àbí kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

* * *

Má sáré kó o dànù. Má sì fi í sílẹ̀ bó ṣe wà yẹn.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ rẹ, torí tínú bá ti ń bíni, ìṣirò kì í ráyè. Dáìsì méjì, tiẹ̀ kan, ti onílé kan, ọ̀nà 36 ni wọ́n lè gbà balẹ̀. Nínú 36 yẹn, ẹyọ kan péré ló lè mú kí mẹ́jọ ṣubú sọ́wọ́ mẹ́ta, òun gan-an ló sì bọ́ sí: ení lọ́wọ́ ẹni tó kógun wá, ẹ̀fà lọ́wọ́ onílé. 35 tó kù, òun ló ni wọ́n. Ìyẹn lé ní 97 nínú 100. Kò sí ohun tó lè ṣe lójú ayò rẹ tó dáa ju ohun tó ṣe lọ: ó fara balẹ̀ kó ọmọ ogun jọ, ó wo ibi tí èèyàn ò ti pọ̀, ó lọ síbẹ̀. Ayò rẹ wá gba gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Tó o bá fẹ́ mọ ìyókù, báyìí ló rí fún ẹni tó kógun wá: tí wọ́n bá dọ́gba, 15 nínú 36; tó bá fi ọmọ ogun kan jù, 21; méjì, 26; mẹ́ta, 30; mẹ́rin, 33; márùn-ún, 35. Tó bá fi mẹ́fà jù, kó má wulẹ̀ ju dáìsì mọ́. Kọ ọ́ sí etí páálí kí gbogbo èèyàn máa rí i. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bá ọ ta á ló ń rò pé bí ọmọ ogun bá ti dọ́gba, ìdajì-ìdajì ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin rẹ pé onílé ló ni ìdọ́gba ti mú un wálẹ̀ sí 15, kò kàn hàn sí wọn ni.

Ṣùgbọ́n ìṣirò kọ́ ló lé ọ̀rẹ́ rẹ dìde. Ohun tó lé e dìde ni pé lẹ́yìn tó ti kó mẹ́jọ lọ, kò sí nǹkan kan tó kù tó lè fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe. Dáìsì ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ohun tó sì sọ ò ṣeé fèsì. Ibẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ yìí sí, ká fi bóyá dáìsì wà tàbí kò sí sílẹ̀ ná.

* * *

Èsì ti pọ̀ kí n tó padà dé. Àwọn kan ní dáìsì ló ń ba ayò jẹ́, àwọn kan ní láìsí dáìsì ogun ò lè jọ ogun. Ẹnì kan tilẹ̀ mú Ifá wọ̀ ọ́: ó ní odù 256 ló lè yọ lójú ọ̀pẹ̀lẹ̀, babaláwo kọ́ ló ń yan èyí tó máa yọ, àmọ́ ohun tí wọ́n máa ṣe sí i lẹ́yìn tó yọ, ọwọ́ èèyàn ló wà. Àpẹẹrẹ yẹn dáa. Àkọsẹ̀bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, èèyàn ló kẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó mọ síbẹ̀, kó má di pé à ń jà sí ẹ̀sìn.

Ará Ọ̀jẹ́ ló le jù nínú wọn. Ó ní: "Ayò tí dáìsì bá ti wọ̀, tẹ́tẹ́ ni. Ayò ọlọ́pọ́n ò ní dáìsì, ṣẹ́ẹ̀sì ò ní, dráfù ò ní. Àwọn yẹn ni wọ́n fi ń mọ ọ̀ta."

Òótọ́ ni, àwọn ni wọ́n fi ń mọ ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta dáadáa. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nípa wọn fún ayò àbúrò yìí náà nìyẹn. Ilé 12, ọmọ 48, gbogbo ẹ̀ wà lójú ọpọ́n, kò sí ohun tó pa mọ́. Ẹni tó bá lè ka ibi tí ọmọ tó kẹ́yìn máa bọ́ sí, tó sì tún lè ka ohun tí ìwọ náà máa ta tẹ̀ lé e, ó ti jẹ ọ́ kó o tó nawọ́. Baba kan wà tí mo máa ń rí lágbègbè Ọ̀jẹ́ yẹn kan náà. Kì í ka ọmọ inú odù ẹ̀, ìyẹn ilé tó kó ọmọ púpọ̀ jọ sí. Ó kàn máa ń fi àtàǹpàkò rà wọ́n mọ́ ara wọn, wọ́n á máa ró kẹ́kẹ́kẹ́, á máa kọrin lábẹ́ imú, á sì ta á, ibi tó fẹ́ ni ọmọ tó kẹ́yìn máa jókòó sí. Àwọn gẹ̀ǹdé tó ń fi òpè bú ara wọn nídìí ọpọ́n, tí wọ́n bá ti bá a ta ọpọ́n kan, wọn kì í jókòó síwájú ẹ̀ mọ́. Wọ́n á dúró, wọ́n á máa wòran, wọ́n á máa kọ́ ẹlòmíì tó ń jìyà lọ́wọ́ ẹ̀. Mi ò sọ pé kì í ṣe ayò ńlá. Àmọ́ ohun tí àbúrò Apẹ̀tẹ̀ ń wá ni ayò tí ẹni tó pàdánù lánàá máa padà wá ta lọ́la.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní Vrije Universiteit ní Amsterdam fi kọ̀ǹpútà ka gbogbo bí ọmọ ṣe lè dúró lójú ọpọ́n awari, tó jẹ́ ọmọ ìyá ayò wa. Ó lé ní bílíọ̀nù 889. Ohun tí wọ́n bá bọ̀ ni pé bí ẹni méjèèjì ò bá ṣi ọmọ ta, ọ̀mì ni. Ìyẹn ò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní Ọ̀jẹ́, torí kò sí orí èèyàn tó gba bílíọ̀nù 889. Ṣùgbọ́n ẹ ti rí ibi tí ọ̀nà yẹn ń lọ.

Ṣẹ́ẹ̀sì ti rìn ín jìnnà ju ayò lọ. Àwọn ọ̀jẹ̀ ṣẹ́ẹ̀sì ń há ìbẹ̀rẹ̀ ayò sórí bí ọmọ ilé kéú ṣe ń há wàláà, títí Bobby Fischer, tó gba ipò ọ̀gá àgbáyé ní 1972, fi jáde ní 1996 pé kí wọ́n máa fi àkọsẹ̀bá to àwọn ọmọ tó wà ní ìlà ẹ̀yìn kí ayò tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà 960 ni wọ́n lè gbà tò wọ́n. Ará Ọ̀jẹ́, ta ló tún fẹ́ràn ọgbọ́n orí ju ọkùnrin yẹn lọ? Òun gan-an ló ṣílẹ̀kùn fún oríire. Ẹ kíyè sí ibi tó dá a dúró sí o: ẹnu ọ̀nà. Tí ọmọ àkọ́kọ́ bá ti gbéra, kò sí oríire kankan mọ́.

* * *

Ará Sángo bèèrè pé kí la fẹ́ ṣe sí àwọn tí kì í ju dáìsì, tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń gbé e kalẹ̀.

Ó ya kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀, àmọ́ ìjà tí mo ti là lórí èyí pọ̀ ju ti dáìsì tó ṣe ojúṣàájú lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní Mọ́kọ́lá, tábìlì Lúdò kan wà, gíláàsì ló wà lórí ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan máa ń fi ìka méjì há dáìsì méjèèjì, ojú ẹ̀fà lókè, á wá jẹ́ kí wọ́n yọ̀ lórí gíláàsì láì yí. "Síìsì, síìsì!" Ó ní òun ju, ẹ̀yin náà sì rí i pé ó kúrò lọ́wọ́ òun. Ohun tó parí ẹ̀ ni agolo mílíìkì. Wọ́n gé ojú ẹ̀, wọ́n fi òòlù tẹ etí ẹ̀ kó má gé ni lọ́wọ́. Dáìsì gbọ́dọ̀ ró nínú agolo kí wọ́n tó dà á. Tó bá jábọ́ sílẹ̀, tún un jù. Tó bá fara ti ọmọ Lúdò tí kò tẹ́jú, tún un jù. Kọ èyí sínú òfin rẹ kó o tó kọ nǹkan kan nípa Ìjàyè.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé láti Challenge ní: "Ta ló mọ bí ogun ṣe máa rí kó tó lọ? Òjò lè rọ̀, ìbọn lè kọ̀, balógun lè dùbúlẹ̀ àìsàn. Ẹ fi dáìsì sílẹ̀ fún ọmọ yìí."

Ẹ̀gbọ́n, mo bá yín dé ìdajì ọ̀nà. Àwọn sọ́jà gan-an ti jà sí ọ̀rọ̀ yìí rí. Ní 1824, ọ̀gá sọ́jà kan ní Prussia tó ń jẹ́ Reisswitz gbé ayò ogun kan jáde tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọ̀gágun, Kriegsspiel ni wọ́n ń pè é. Dáìsì ni wọ́n fi ń mọ iye èèyàn tí ìbọn máa mú balẹ̀, wọ́n á ju ú, wọ́n á lọ wo ìwé ìṣirò. Nígbà tó di 1876, ọ̀gá sọ́jà mìíràn, Verdy du Vernois, ní kí wọ́n kó dáìsì àti ìwé ìṣirò kúrò, kí àgbà tó ti jagun rí máa dájọ́ bí ìjà ṣe lọ. Ẹ wá fojú inú wo adájọ́ nídìí tábìlì ayò ní ìlú tiwa. Ìbàdàn mesì ọ̀gọ̀, níbi olè gbé ń jàre olóhun! Dáìsì dáa ju adájọ́ lọ, ó kéré tán kò ní àna.

Ibi tí mo ti kúrò lẹ́yìn yín ni pé oríire ló ń pinnu ogun. Ẹ mú Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí kò parí pátápátá títí di 1893. Kí ló yí ojú ogun yẹn padà? Àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ tó wà ní Èkó ló fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé, èyí tí ọta ẹ̀ ń gba ẹ̀yìn wọlé, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìbàdàn ṣì ń ki ṣakabùlà látẹnu. Ìpinnu nìyẹn, àwọn kan jókòó, wọ́n dáwó, wọ́n ra nǹkan. Ẹ wá wo àkọsẹ̀bá: Ààrẹ Látòósà kú sí ibùdó ogun ní 1885. Olórí ogun kú o! Wọ́n fi ẹlòmíì sípò, ogun ń bá a lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí àbúrò mú níbẹ̀ nìyẹn. Àkọsẹ̀bá tó dáa nínú ayò ni èyí tó mú kí èèyàn wá ohun tó kàn ṣe. Tó o bá fẹ́ òjò, jẹ́ kó rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpele, kí gbogbo èèyàn rí i: "Òjò ń rọ̀, ìbọn ò ní ṣiṣẹ́ dáadáa, kálukú á yọ ẹyọ kan nínú agbára ẹ̀." Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n pinnu bóyá àwọn á kógun lọ. Ẹni tó bá lọ nínú òjò, ó mọ ohun tó ń ṣe. Tí òjò bá rọ̀ lẹ́yìn tó ti lọ, ìjà ni ó fẹ́ dá sílẹ̀.

* * *

Ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ tí mò ń tẹnu mọ́ yìí, pé kí àkọsẹ̀bá ṣáájú, kí ìpinnu èèyàn kẹ́yìn, ò yé òun. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí gbogbo wa ti ta rí sọ ọ́.

Ẹ mú Whot. Káàdì 54, wọ́n pò ó, wọ́n pín in. Oríire pátápátá ni ohun tó bọ́ sọ́wọ́ ẹ. Àmọ́ lẹ́yìn náà, o ti rí i. O ní 2 lọ́wọ́, o ní 14: ṣé ìsinsìnyí lo fẹ́ ran gbogbo ilé lọ mákẹ́ẹ̀tì, àbí o fẹ́ dúró kó ku káàdì kan lọ́wọ́ ẹni tó wà lápá ọ̀tún? Tó o bá pàdánù, ohun tí wọ́n á sọ ni pé o ò mọ̀ ọ́n ta, ìwọ náà á sì mọ káàdì tó yẹ kó o ti jù sílẹ̀ tipẹ́.

Ẹ mú Scrabble. Ọmọ lẹ́tà 100 nínú àpò, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń yọ ọ́, kò sẹ́ni tó ń wo inú. Síbẹ̀, ní 2015, Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, lọ sí Perth ní Ọsirélíà, ó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó máa gbà á. Kò yan lẹ́tà tó yọ. Ohun tó máa fi lẹ́tà burúkú méje ṣe ló yàn.

Nínú ti orí kọ̀ǹpútà, Into the Breach tó jáde ní 2018 ló wù mí jù. Ọ̀tá á kọ́kọ́ fi ibi tí wọ́n máa lù hàn ọ́, gbogbo wọn pátá, kó tó kàn ọ́. Bí ọ̀tá ṣe jáde àti ibi tí wọ́n ti jáde, àkọsẹ̀bá ni. Ohun tó o máa ṣe sí i, tìẹ ni. Èèyàn ń pàdánù níbẹ̀ gan-an, àmọ́ kì í rí ẹni bú.

Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni mo rí fún ayò ogun yìí. Ọ̀kan ni pé kí ẹ da dáìsì márùn-ún sáàárín páálí ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpele kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ojú rí i, kálukú á wá máa mú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dáìsì tó o bá mú, o lè fi jà, o lè fi kórè, o lè fi rìn. Ẹni tó bá sáré mú ẹ̀fà ti fi han gbogbo ilé pé òun ń bọ̀ wá jà, kí wọ́n yáa múra.

Èkejì, tí mo fẹ́ jù: kó dáìsì ìjà kúrò, fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní káàdì mẹ́fà, 1 dé 6. Tí ìjà bá dé, kálukú á yan ọ̀kan ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n á jọ ṣí i. Káàdì tó o bá ti lò ò ní padà sọ́wọ́ ẹ títí o fi máa lo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tán. Ẹ wá wo mẹ́jọ sí mẹ́ta yẹn padà. Ọ̀rẹ́ rẹ lè rò pé mẹ́jọ ti tó, kó fi 1 dán an wò. Onílé fi 6 gbà á sílẹ̀. Ó ṣì dùn ọ̀rẹ́ rẹ, àmọ́ ó mọ̀ pé ahun ló pa òun, ó sì mọ̀ pé onílé ò ní 6 mọ́ fún ìjà tó kàn. Kò ní dìde. Á máa wá ibi tí ìjà tó kàn yẹn máa ti ṣẹlẹ̀.

Kí ẹnì kan tó sọ ọ́: "Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà ló máa máa jẹ wá." Ẹ kó káàdì tí ẹ ti lò sójú páálí, kí ojú ẹ̀ wà lókè. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ há sórí níbẹ̀.

* * *

Ọ̀dọ́ kan láti Bódìjà ní orí kọ̀ǹpútà lòun ti ń ta ayò ogun tòun. "Wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé 90 nínú 100 ni màá bà á, màá yìnbọn, màá tàsé. Géèmù yẹn ń rẹ́ mi jẹ ni."

Lóòótọ́ ni àwọn kan nínú wọn ń purọ́, àmọ́ ìwọ ni wọ́n ń ṣe é fún. Fire Emblem, èyí tó jáde ní 2002, kì í mú nọ́ńbà kan tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá o bà á. Nọ́ńbà méjì ló ń mú, á sì pín in sí méjì. Nítorí náà 90 tó kọ síbẹ̀, 98 ni lábẹ́lẹ̀. XCOM náà, ní ìpele tó rọrùn, máa ń fi ìrànwọ́ tí kò hàn kún un fún ẹ. Tí wọ́n bá ṣe é bó ṣe wà lójú lásán, ariwo rẹ ì bá jù báyìí lọ.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é ni pé tí èèyàn bá rí 90, "ó dájú" ló ń kà. Tó o bá yìnbọn 40 nírọ̀lẹ́ kan, mẹ́rin máa tàsé níbi 90, mẹ́rin yẹn náà nìkan lo máa ròyìn fún ìyàwó. Sid Meier, ẹni tó ṣe Civilization, sọ̀rọ̀ lórí èyí ní San Francisco ní 2010: àwọn tó ń bá a dán géèmù wò gbà pé tí agbára àwọn bá jẹ́ mẹ́ta sí ọ̀kan, àwọn ò gbọdọ̀ pàdánù rárá. Tó bá wá jẹ́ àwọn ló ní ọ̀kan tí wọ́n sì borí mẹ́ta, wọ́n gbà pé ó tọ́ sí àwọn.

Èmi ò fẹ́ irọ́ yẹn. Ẹni tí 90 ẹ̀ bá ti jẹ́ 98 ò ní múra sílẹ̀ fún ìgbà tó bá tàsé, bẹ́ẹ̀ ìmúrasílẹ̀ yẹn gan-an ni ayò ọgbọ́n. Àwọn kan lára yín máa takò mí pé eré ni, kí inú ẹni dùn ló kàn. Ó dáa. Lórí páálí ṣá, kò sí bó o ṣe lè purọ́.

* * *

Wọ́n tún bèèrè bóyá jíju dáìsì púpọ̀ ò ní tó, torí "á máa gbe ọ́ lónìí, á gbe mí lọ́la."

Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí ìpinnu bá wà láàárín jíjù kan sí òmíràn. Risk, tí Albert Lamorisse ará Faransé gbé jáde ní 1957, báyìí ló rí: dáìsì mẹ́ta fún ẹni tó kógun wá, méjì fún onílé. Ẹni tó wá á pa méjì ní bíi 37 nínú 100, onílé á pa méjì ní 29, wọ́n á pa ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní 34. Ẹyọ tàbí méjì ló ń kú lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó kógun wá sì lè ní ó tó, kó padà sílé. Mẹ́jọ ò lè run lójú jíjù kan. Kódà tó o bá fẹ́ di dáìsì rẹ mú, fi "ẹyọ kan kú, ṣé o ṣì ń jà?" rọ́pò "gbogbo ẹ̀ lọ", ìdajì ẹjọ́ ti parí.

Lúdò náà ń ju dáìsì lọ rẹpẹtẹ, àmọ́ ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín oní-dáìsì kan àti oní-dáìsì méjì tí àwa ń ta níbí. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, tí ọmọ kan ṣoṣo sì wà níta, ọwọ́ ẹ kàn ń gbé ọmọ ni, ìwọ kọ́ lò ń ta á. Tó bá jẹ́ méjì, tó bọ́ sí 6 àti 3, o lè fi 6 mú ọmọ tuntun jáde kó o fi 3 pa tẹni ẹlẹ́ni, o sì lè fi ọmọ kan rin 9 sá lọ. Ẹ̀fà náà tún sún mọ́ ọ: 11 nínú 36 ni kí ó kéré tán ẹ̀fà kan yọ, tó bá jẹ́ dáìsì kan, 6 nínú 36 ni. Ẹni tó kọ́kọ́ fi dáìsì kejì kún un ní Nàìjíríà, bó ti wù kó jẹ́, ọgbọ́n ló dá.

* * *

Ará Apẹ̀tẹ̀ padà wá. Ó ní wọ́n ti ta á pẹ̀lú káàdì 1 dé 6, ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti padà jókòó. "Ṣùgbọ́n ní báyìí kò sẹ́ni tó fẹ́ jà. Kálukú jókòó sílé, ó ń kó ọmọ ogun jọ. Ẹni tó bá sì kọ́kọ́ ta ló ń borí jù."

Mo retí ti àkọ́kọ́. Onílé ṣì ló ni ìdọ́gba nínú òfin rẹ, ta ló fẹ́ jáde? Yí ìyẹn padà: tó bá dọ́gba, ẹnì kọ̀ọ̀kan á pàdánù ọmọ ogun kan, ìlú á wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Lẹ́yìn ìyẹn, jẹ́ kí jíjókòó máa náni lówó. Ọmọ ogun tó bá ju mẹ́fà lọ nínú ìlú kan, ebi á máa lé ẹyọ kan lọ ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Kí ìlú tí èèyàn bá gbà sì máa mú nǹkan wọlé. Ìtàn tiwa ti fún ẹ ní èyí lọ́fẹ̀ẹ́: ajẹ́lẹ̀. Tó o bá gba ìlú, fi ajẹ́lẹ̀ síbẹ̀, ìṣákọ́lẹ̀ á máa wọlé fún ẹ ní gbogbo ìpele. Àmọ́ ajẹ́lẹ̀ tí kò ní ọmọ ogun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tí ará ìlú bá dìde, wọ́n á pa á. Ìwọ náà mọ̀ pé irú ẹ̀ wà lára ohun tó dá Kírìjì sílẹ̀. Ẹni tó bá ní ajẹ́lẹ̀ ní ìlú mẹ́rin á rí owó, ilé ẹ̀ á sì ṣófo. Wọ́n á jà, má ṣèyọnu.

Ti ẹni tó kọ́kọ́ ta, àìsàn ayò tí àkọsẹ̀bá ẹ̀ kéré ni. Tí ẹ bá jẹ́ méjì, kí ẹnì kan pín ìlú àti ọmọ ogun sí ọ̀nà méjì, kó sì sọ apá tó máa kọ́kọ́ ta, kí ẹnì kejì wá mú apá tó wù ú. Ẹni tó ń pín ò ní ṣe ojúkòkòrò. Tí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta, ìyẹn ò ní ṣiṣẹ́. Kí ẹni tó ta kẹ́yìn ní ìpele kan kọ́kọ́ ta ní èyí tó tẹ̀ lé e.

Káàdì wọ̀nyẹn ńkọ́, páálí kí lo fi gé e? Tó bá jẹ́ páálí bisikíìtì, pààrọ̀ ẹ̀. Etí ẹ̀ máa ká kó tó ṣe díẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n á sì ti máa dá 6 rẹ mọ̀.